Èdè-Ìperí fún Títọ́ Ọmọ Agbábọ́ọ̀lù: Àpẹẹrẹ Ìbàràpá

1. Ìfáárà

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá tí a kì í bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó ṣe rí ní Èrúwà ni ó rí ní Lánlátẹ̀. Bí ó ṣe rí ní Igbó-Ọrà ni ó rí ní Ìdèrè, ní Tápà, ní Ayétẹ̀ àti ní Ìgangan. Ẹsẹ̀ kò wọ́n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ eré kò wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni ẹ̀kọ́ tí yóò sọ ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá di agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ńlá lè gbà síṣẹ́.

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe lè tún ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ ọmọ ṣe, owó ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn owó, pápá; lẹ́yìn pápá, bàtà; lẹ́yìn bàtà, akọ́nimọ̀ọ́gbá láti òkè òkun. Kò sí èyí tí kò ṣe pàtàkì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, inú èdè ni ẹ̀kọ́ ń gbà kọjá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n títí. Bí ọmọ tí ó ń kọ́ kò bá gbọ́ ohun tí ó ń wí ní àgbọ́yé, agbọ̀n ni ó fi ń pọnmi.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ tọ́ ọmọ Ìbàràpá, tàbí ọmọ ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, di agbábọ́ọ̀lù nílò èdè-ìperí Yorùbá fún ìkọ́ni bí ó ti nílò bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú igi tí a ó fi kọ́ ilé èdè-ìperí náà ti wà nílẹ̀. Àwọn tí yóò to igi náà pọ̀ ni kò tí ì jókòó tì í.

2. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀

Bí a bá dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fún ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Ní ọdún 1976, nígbà tí à ń pè é ní IICC, ẹgbẹ́ yìí gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Òun sì ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú ife bẹ́ẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti jáde, ẹni tí ó gbá méjì wọlé nínú góòlù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi borí Algeria ní Èkó ní 1980. Láti inú rẹ̀ náà ni Múdàṣírù Lawal, ẹni tí ó gbá ẹ̀kẹta wọlé, tí ó sì kópa nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, láti 1976 dé 1984. Ní 1992 ẹgbẹ́ náà tún gba Ife CAF. Síbẹ̀, ní 2017, ó já kúrò nínú líìgì àgbà, kò sì rí ọ̀nà padà síbẹ̀ títí di 2021. Ìtàn yìí fi hàn pé okìkí àná kò lè rọ́pò ètò tí ó ń pèsè ọmọ tuntun lọ́dọọdún.

Àwọn tí ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ti rí èrè rẹ̀. Ní Abidjan, nínú ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1990, Jean-Marc Guillou dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ASEC Mimosas. Ní 1999, ikọ̀ tí ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà pọ̀ nínú rẹ̀ borí Espérance ti Tunisia pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Kolo Touré àti Yaya Touré wà lára àwọn tí ó tibẹ̀ jáde. Nítòsí ilé, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ Beyond Limits lẹ́yìn rẹ̀, ni ó gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025.

Ní ti èdè, àwọn asọ̀ròyìn eré lórí rédíò ti ṣe iṣẹ́ tí ó tó yìn. Ẹnu wọn ni a ti kọ́ láti máa pe olùkọ́ eré ní akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tí ń ṣọ́ àwọ̀n ní aṣọ́lé, ẹni tí ń gbá a wọlé ní atamátàsé, àti ìfigagbága tí kò ní olúborí ní ọ̀mì. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ọjà. Etí àwọn olùgbọ́ ni ó fọwọ́ sí wọn.

3. Ọ̀rọ̀ asọ̀ròyìn àti ọ̀rọ̀ akọ́ni

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ asọ̀ròyìn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ akọ́ni. Asọ̀ròyìn ń sọ ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò sí ní pápá ni ó ń bá wí. Akọ́ni gbọ́dọ̀ sọ bí a óò ti ṣe nǹkan, ìgbà tí a óò ṣe é àti ìdí tí a fi ń ṣe é. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bá wí. Atamátàsé dùn létí, ó sì ní ìtumọ̀ tí ó jinlẹ̀, nítorí láti ẹnu àwọn tí ń ta ọfà ni ó ti wá. Síbẹ̀ bí oríkì ni ó rí: ó yin ẹni tí ọfà rẹ̀ ti bà á. Kò sọ fún ọmọ ọdún méjìlá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ tí kò fi gbá bọ́ọ̀lù sí kí bọ́ọ̀lù má bàa fò kọjá lórí òpó.

Nítorí àlàfo yìí, ibi tí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń sáré yá Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ a gbọ́ ìró ọ̀rọ̀ náà, a sì máa pariwo rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ààlà ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀fúsáìdì jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti Yorùbá, kò sì sí ìdí láti lé e jáde. Ohun tí ó kù ni àlàyé: pé ní ìdajì pápá ti alátakò nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti lè wáyé, pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti sún mọ́ ilà òpó alátakò ju bọ́ọ̀lù lọ, kí ó sì sún mọ́ ọn ju ẹnìkejì láti ẹ̀yìn nínú àwọn alátakò, pé ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ni a ń wò, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé láti 1990, ẹni tí ó bá dọ́gba pẹ̀lú ẹnìkejì láti ẹ̀yìn kò jẹ̀bi. Ọmọ tí ó gbọ́ àlàyé yìí ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Èyí tí kò gbọ́ ọ yóò máa bá adarí eré jà.

4. Àyẹ̀wò àwọn ìmọ̀ díẹ̀

4.1 Ìmúrasílẹ̀ ara. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìmúra ṣáájú eré sí Yorùbá ní olówuuru, ohun tí yóò jáde ni kí ọmọ mú ara rẹ̀ gbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ní Yorùbá, ibà ni ó ń ṣe é. Èdè náà ti ní èyí tí ó dára jù: ara yíyá. Ìdárayá ti fẹ̀ lójú, ó ti di orúkọ gbogbo eré. Nítorí náà a lè fi ìmárayá pe èyí tí a ń ṣe ṣáájú eré kí ara lè yá, kí a sì fi ìmárarọ̀ pe èyí tí a ń ṣe lẹ́yìn eré kí ara lè rọ̀. Ọ̀kan ń fa èkejì wá sọ́kàn, ọmọ kì yóò sì gbàgbé pé méjèèjì ni ó jẹ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

4.2 Àyè. Akọ́nimọ̀ọ́gbá òde òní kì í yé sọ̀rọ̀ nípa àyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ọmọ wá àyè, ọmọ lè rò pé kí òun wá ìgbà tí ọwọ́ òun dilẹ̀ ni. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo ni èyí tí ó wà láàrin nǹkan méjì. Gbàgede ni ilẹ̀ gbalasa tí kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀. Àárín ẹ̀yìn méjì ni àlàfo wà, ibẹ̀ ni a ń gbá bọ́ọ̀lù gbà. Ẹ̀bá pápá tí alátakò ti fi sílẹ̀ ni gbàgede, ibẹ̀ ni a ń sáré sí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan sọ, Yorùbá ti pín in sí méjì kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó béèrè.

4.3 Ìṣọ́ àti ìhámọ́. A máa ń ṣọ́ ènìyàn, a sì máa ń ṣọ́ ibì kan. Ẹ̀ṣọ́ ọba ń tẹ̀lé ọba lọ sí ibi tí ó bá ń lọ. Aṣọ́bodè kì í kúrò ní bodè, ẹni tí ó bá wá síbẹ̀ ni ó ń dá dúró. Nítorí náà ìṣọ́-ẹni àti ìṣọ́-ibi ti tó láti fi ya ọ̀nà ìdáàbòbò méjì tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lò sọ́tọ̀. Ní ti pé kí ikọ̀ ṣùrù bo ẹni tí ó ní bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdẹ ní Ayétẹ̀ tàbí Ìgangan kò ṣàì mọ bí a ti ń há ẹran mọ́. Ẹnìkan ń lé e, àwọn yòókù ń dí ojú ọ̀nà. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá sá kúrò níbi tí a fi í sí, ẹran ti lọ. Ìhámọ́ ni iṣẹ́ náà, ìdínà sì ni ipa tí ẹni tí kò lé e ń kó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá fi ọdẹ ṣe àpèjúwe kò ní láti tún sọ pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni.

4.4 Gbá àti gbà. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀. Nínú ariwo pápá, ó rọrùn láti ṣi àṣẹ méjèèjì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ìgbà ṣe orúkọ fún bí ọmọ ṣe ń gba bọ́ọ̀lù tí a gbá sí i, nítorí ìgbà mìíràn ti wà. Gbà mọ́ra ni ó yanjú ọ̀ràn náà: ẹni tí ó gba nǹkan mọ́ra kò jẹ́ kí ó ta kúrò lára òun. Ìgbàmọ́ra ni kí a pe ìmọ̀ náà.

4.5 Ìpalára. Ibí ni èdè tí kò ṣe pàtó ti ń ba ayé ọmọ jẹ́. Ọmọ tí ó ṣubú dìde, ó di itan tàbí orúnkún mú, ó ní iṣan ń dun òun. Ọ̀rọ̀ náà, iṣan, ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ jù: òun ni ẹran tí ń fa eegun, òun ni okùn tí ó so ẹran náà mọ́ eegun, òun ni okùn tí ó so eegun mọ́ eegun, òun ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti orúkọ nìkan. Ẹran tí ó fà díẹ̀ lè sàn láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí a bá fún un ní ìsinmi. Okùn àárín orúnkún tí ó já kì í sábà so ara rẹ̀ padà. Ó lè gba iṣẹ́ abẹ, kí ó sì tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó padà sí pápá. Ẹni tí ó bá fi òróró wọ́ èkejì bí ó ti ń wọ́ èkíní, tí ó sì ní kí ọmọ padà wá ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó ti fi òpin sí iṣẹ́ ọmọ náà.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí ẹran-iṣan jẹ́ ti èkíní, okùn-iṣan jẹ́ ti èkejì, okùn-eegun jẹ́ ti ẹ̀kẹta, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì dúró bí ó ti wà. Àwọn tí ń to eegun ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó rọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó yẹ̀, èyí tí ó yẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ó kán. Pajápajá ní orúkọ tirẹ̀.

Ìbàràpá ti rí irú ọ̀ràn yìí rí. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera àwùjọ ní Igbó-Ọrà, níbi tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ti ń gbé láàrin àwọn ará ìlú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń bá sòbìà jà ní Ìdèrè, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà ti wà tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn pé kí a máa sẹ́ omi mu kò lè wọlé títí a óò fi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ lọ́kàn ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Oògùn kọ́ ni ó lé e lọ. Omi mímọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó yé ènìyàn ni.

4.6 Ọjọ́ orí àti ìdàgbà ara. Gbogbo ayé ni ó mọ Igbó-Ọrà mọ́ ìbejì. Àwọn àyẹ̀wò tí Nylander ṣe ní agbègbè náà fi ìbejì sí nǹkan bí 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ, iye tí ó ga púpọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Púpọ̀ jù nínú wọn ni ó jẹ́ pé ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, nítorí náà Táyé kò ní láti jọ Kẹ́hìndé ju bí ọmọ ìyá méjì mìíràn ti jọra lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lóòjọ́, Táyé lè ti ga, kí ohùn rẹ̀ sì ti ń yí padà, nígbà tí ara Kẹ́hìndé kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ìdàgbà ara wọn kò dọ́gba.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ní ọ̀rọ̀ méjì fún nǹkan méjì yìí yóò mú Táyé, yóò ní òun ni ó ní ẹ̀bùn. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí Kẹ́hìndé bá ti bá a dọ́gba, ó lè jẹ́ pé Kẹ́hìndé ni ó mọ bọ́ọ̀lù jù, nítorí ọgbọ́n ni ó ti ń fi gbá a nígbà tí agbára kò sí. Ṣùgbọ́n a ti lé e sílé. Ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀bùn, ń dá kún un: ohun tí Ọlọ́run bun ni ni ẹ̀bùn, akọ́ni kò sì lè fi kún un. Ẹni tí ó gbà pé ẹ̀bùn nìkan ni bọ́ọ̀lù yóò máa ṣa ọmọ, kì yóò kọ́ ọmọ. Ilé ìkọ́ṣẹ́ Yorùbá kì í ronú bẹ́ẹ̀. A kì í béèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọ tí a mú wá kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. A máa ń ka ọdún tí yóò lò, a sì máa ń wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan.

5. Ìlànà fún ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ìlànà mẹ́rin fara hàn. Èkíní, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè ké jáde ní èémí kan kò wúlò ní pápá. Há a mọ́ ṣeé ké; bí a bá ti ń ké e tán, mọfọ́límù ìbẹ̀rẹ̀ ì- yóò sọ ọ́ di ìhámọ́ fún ìwé. Àwọn olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó ń ti orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbé odidi gbólóhùn kalẹ̀ bí orúkọ, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í kúrò nínú àtẹ. Èkejì, ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti jókòó ni kí a fi sílẹ̀. Góòlù, pẹ́nárítì àti ọ̀fúsáìdì kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹ̀kẹta, kí a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọdẹ àti àwọn tí ń to eegun kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn ará Ítálì fi orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn pe ọ̀nà ìdáàbòbò kan, gbogbo ayé sì yá a lò. Ẹ̀kẹrin, pápá ni yóò dájọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò bá lò láàrin sáà kan, kí a jẹ́ kí ó lọ.

6. Àtakò àti ìdáhùn

Ẹni tí ó bá takò èrò yìí yóò sọ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ti ẹ̀yà kan, àti pé ọmọ tí ń lépa Yúróòpù nílò Gẹ̀ẹ́sì. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù ní Kàdúná, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Abidjan àti ní Portugal, níbi tí ó ti gbá góòlù 21 wọlé nínú líìgì sáà 1993/1994. Ọ̀nà ìrìn àjò agbábọ́ọ̀lù gba inú èdè púpọ̀ kọjá, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sì ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó ní èdè kan tí ó dá ọmọ lójú. Ẹni tí ó ti mọ ìhámọ́ kò ní ju orúkọ tuntun láti kọ́ nígbà tí ó bá dé ibi tí a ń pè é ní nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rí sì wà. Nínú Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti 1970, a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ̀kọ́ kan. Wọn kò kẹ́yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ti ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, kò sí ẹni tí ó ní kí a dá a padà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sókè ni kí èdè méjì máa rìn pọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlú rẹ̀ ni ó wà nílẹ̀ yìí.

7. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ọmọ Ìbàràpá kò gbọdọ̀ máa wá ní ọjọ́ kan lọ́dún láti ṣa ọmọ lábẹ́ oòrùn kí ó sì padà sí Adámásingbà. Kí ó fi akọ́nimọ̀ọ́gbá kan sí Igbó-Ọrà, òmíràn sí Èrúwà, kí wọ́n máa kọ́ ọmọ láti oṣù dé oṣù, kí wọ́n sì máa kọ ìdàgbà ara ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Lánlátẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ní Èrúwà rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní pápá ìlú méjèèje, lẹ́nu àwọn asọ̀ròyìn, lẹ́nu ọdẹ àti lẹ́nu àwọn tí ń to eegun. Kí ẹ̀ka èdè ní yunifásítì fi ọwọ́ sí àkọtọ́ àti ohùn rẹ̀. Kí ìwé tí yóò ti inú rẹ̀ jáde kéré, kí ó má ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ, kí ó sì wọ àpò akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó jẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Adégbóyè Onígbìndé, tí ó darí ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí ìparí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984 àti sí ìdíje ife àgbáyé ní 2002, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ti wá. Ohun tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ní èdè tí ọmọ ń sọ, kí ó má baà jẹ́ pé bí àgbà kan bá ti kúrò ní pápá, ìmọ̀ rẹ̀ ti bá a lọ.

8. Àsọkágbá

Èdè-ìperí kò lè sọ pápá ẹlẹ́rùpẹ̀ di pápá oníkoríko, bẹ́ẹ̀ ni kò lè san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ nílò láti fi tọ́ ọmọ, òun nìkan ni a lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí láìdúró de owó ìjọba. Iṣẹ́ náà sì já lé àwọn olùkọ́, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn onímọ̀ èdè lọ́wọ́ ju bí ó ti já lé àwọn alákòóso eré lọ́wọ́ lọ. Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré tí a yẹ̀ wò níhìn-ín lọ sí pápá kan ní Ìdèrè tàbí Tápà, tí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ fún sáà kan, wọn yóò mọ èyí tí ó dúró àti èyí tí ó ṣubú, wọn yóò sì ní ohun gidi láti mú padà wá sí ojú ìwé yìí fún àríyànjiyàn.